Aṣọ́nà Kẹta

Aago méjì òru ti lé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún,
iná ti lọ ní Òkè-Balógun,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Sàfúrátù pè mí láti Èjìnrìn, kò bínú:
"Àyè méjì ni mo fẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi òwúrọ̀,
èmi àti ìyá mi tí ojú ń dùn.
Ẹ̀rọ yín gbọ́ mi, ó kàn ń yí bírí ni.
Bí kò bá sáyè, ẹ ní kò sáyè.
Ẹ má fi mí jókòó síwájú ẹni tó ń wò mí láìfọhùn."

Mo ṣí iṣẹ́ ọwọ́ mi.
Bí ìbéèrè bá dé sáfà, kì í já wọ yàrá bí ewúrẹ́.
Aṣọ́nà mẹ́rin ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo gbà wọ́n síṣẹ́.
Àkọ́kọ́ ń bi í: ta ni ọ́, àmì rẹ dà?
Èkejì ń tú ẹrù, ó ń wò bóyá orúkọ wà níbi orúkọ,
bóyá ẹnìkan kò kọ "ọ̀la" síbi tó yẹ kó kọ ọjọ́.
Ẹ̀kẹta ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ kan náà kan ilẹ̀kùn,
torí àwọn kan wà tó jẹ́ kíkàn ni wọ́n mọ̀,
wọn ò fẹ́ wọlé.
Ẹ̀kẹrin ni akọ̀wé. Ó ń kọ gbogbo ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo wá Sàfúrátù nínú ìwé akọ̀wé.
Kò sí.
Bí ẹni pé Èjìnrìn kò sí létí omi.

Bàbá mi, Mùkáílà onítíkẹ́ẹ̀tì,
fi ọdún mọ́kànlélógún jókòó ní èbúté Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìwé búlúù.
Kó tó gbowó, kó tó wẹrù, kó tó ní ọkọ̀ ti kún,
báírò rẹ̀ ti ń lọ: orúkọ, ibi tó ń lọ, àsìkò.
Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí: "Bàbá, èyí tí ẹ dá padà náà ńkọ́?"
"Òun gan-an ni mò ń kọ.
Ẹni tó wọkọ̀, ọkọ̀ á jẹ́rìí ẹ̀.
Ẹni tá a dá padà, ta ló máa sọ pé ó wá?"

Ẹ̀yìn ni mo to akọ̀wé tèmi sí.
Ẹni táwọn mẹ́ta iwájú bá gbé mì, ó gbé nìyẹn.
Aṣọ́nà kẹta ọ̀hún, mo ti rí i, ìlà kejìlélógójì:
bí ìkànlẹ̀kùn bá dín sí márùn-ún, a ní "máa lọ",
bó bá ju márùn-ún, a ní "padà".
Márùn-ún gẹ́lẹ́ ńkọ́?
N kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Sàfúrátù tẹ̀ ẹ́.

Igba: ó ti rí bẹ́ẹ̀.
Irínwó lé ọ̀kan: n kò mọ̀ ọ́.
Irínwó lé mẹ́rin: ohun tó o wá kò sí níbí.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pàápàá, ìjẹ́wọ́ ni, nǹkan ló fọ́ nínú ilé wa.
Ìdákẹ́ nìkan ni kò ní nọ́ńbà.

Mo gbé akọ̀wé wá síwájú, mo fún un ní àga tó sún mọ́ omi.
Mo fi ìlà méjì sẹ́nu ẹ̀kẹta.
Bátìrì ku mẹ́ta. Mo ń wò.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, orúkọ rẹ̀ yọ:
Sàfúrátù Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, àyè méjì, Èjìnrìn sí Ẹ̀pẹ́.
Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e: irínwó lé mẹ́sàn-án.
Ọkọ̀ òwúrọ̀ ti kún.

"Ẹ ṣé o," ló wí lórí fóònù,
"a ó wọ ti aago kan. Ẹ jẹ́ n lọ sùn."
Kọ̀ǹpútà kú, fóònù náà tẹ̀ lé e.
Mo ní "ó dàárọ̀" sínú òkùnkùn,
kó má bàa jẹ́ pé èmi náà dákẹ́.