Ìbéèrè Méjìlélógún

Àbúrò mi fi ìbéèrè méjìlélógún ránṣẹ́ láti òkè òkun.
Ó ní kí n mú wọn dání lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Alálùbọ́sà,
kí n máa fi bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn.
Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni.
Nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí? Bẹ́ẹ̀ ni, méjì.
Dókítà ń yà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Mátíróònù ń ṣílẹ̀kùn níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín,
ilẹ̀ ń dán, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn,
òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ń ta mí nímú.

Ṣùgbọ́n ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí.
Bàbá mi kì í wo bí ọ̀dà ṣe ń dán lára ọkọ̀ ojú irin.
Òòlù ọlọ́rùn gígùn ló fi ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú òjò, nínú ọyẹ́,
á dẹtí sí i.
Irin tó yè á dún gooro.
Èyí tó ti sán nínú á dún pọ̀, bí ìkòkò tó là.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá nǹkan.
Mo wo ife omi: ṣé ọwọ́ arúgbó tó o,
àbí wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ de àlejò?
Mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìrọ̀rí. Ó gbẹ.
Mo bi ọmọdébìnrin tó ń pín oògùn,
Mọrádékẹ́ ni wọ́n kọ sí i láyà:
"Ta ni màmá tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn?"
Kò wo ìwé kankan.
"Àṣàbí ni. Tẹ́ ẹ ò bá kì í, kò ní í lanu.
Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n ní Yemẹtu.
Tá a bá ń fún wọn lẹ́kọ, wọ́n máa ń ka ṣíbí."
Màmá yíjú sí wa. "Mẹ́rìnlá," ó wí. "Ó ku mẹ́fà."
Gooro.

Ní yàrá tó gbẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀já
so bàbá kan mọ́ àga níbàdí.
"Kí wọ́n má baà ṣubú ni," Mátíróònù tètè sọ.
Láti ìgbà wo?
Ó wo aago. Mọrádékẹ́ wo ilẹ̀.
Ẹni méjì péré ní òru, arúgbó mọ́kàndínlógún.
Pọ̀.
Bàbá náà di ọwọ́ mi mú:
"Ṣé ìwọ lo wá mú mi lọ?"
Kò sí àyè bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ìyẹn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá padà sí Odò-Ọnà lábẹ́ òjò,
mò ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn lórí ìka,
mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ tí n ó sọ fún Mátíróònù lórí fóònù,
ọ̀rọ̀ tó le, ọ̀rọ̀ ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe.
Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn mi.
Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti tì í.

Àjàgbé wà níbi tí mo fi í sí.
Rédíò ń bá a sọ̀rọ̀; bátìrì ti ń kú lọ.
Ife omi rẹ̀ wà lórí firíìjì.
Lórí firíìjì.
Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.
Gìgísẹ̀ òsì ti pọ́n, awọ ibẹ̀ ti fẹ́ ṣí,
ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́.
N kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́, ó ká ìka kan,
ó fi oríkèé rẹ̀ gbá mi lórí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ó wá gbórí sí ẹ̀gbẹ́, ó dákẹ́,
bí ẹni tó dúró lórí ojú irin.
N kò bi í léèrè ohun tó gbọ́.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni.
"Máàkì mélòó lo fún wọn?"
Mo ní kó jẹ́ n gbé omi kaná ná.