Òórùn Inú Pijó

Ẹ má sọ fún mi nípa lọ́fínńdà.
Mo ti fi tọsàn kọ́, mo ti fi tòdòdó kọ́
sára dígí iwájú fún oṣù méjì gbáko.
Síbẹ̀, bí mo bá ti tẹ ẹ́ésì báyìí,
hòó:
aṣọ tí wọ́n fọ̀ lálẹ́,
tí oòrùn ò kàn, tí òórùn kàn;
àpótí ìyá àgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́yìn ọdún méje;
búrẹ́dì tó bu sínú ọ̀rá.
Gbogbo rẹ̀ á fẹ́ sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà,
tútù, bí ẹni pé ó fẹ́ràn mi.

Abọ́sẹ̀dé lẹ́yìn á sín, á sín, á sín
títí a ó fi dé Ìpẹru.

Ọjọ́ tí bàbá mi kú ni mọ́tò yìí dúró.
Abẹ́ igi obì ní Àjàká ló wà,
òjò ọdún kan, òjò ọdún kejì, gbogbo gíláàsì ní títì.
"Kí olè má baà wọ̀ ọ́," ni ìyá mi wí.
Olè ò wọ̀ ọ́.
Ohun tó wọ̀ ọ́ ò kan ilẹ̀kùn.

Bàbá tó mọ ìbu ju bí dókítà ṣe mọ ibà!
Onígbànja Ṣágámù,
tí àwọn ará Sábó ń ra ọjà rẹ̀ láìtú u wò.
Òru ló máa ń dìde, tòun ti tọ́ọ̀ṣì,
á tú agbọ̀n, á ṣí ewé gbòdògì,
á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí kan ìdí,
á sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.
"Èyí ti ń làágùn."
Á ṣà á sọ́tọ̀, á pààrọ̀ ewé.
"Bí ẹyọ kan bá bu, ti gbogbo agbọ̀n ni."
Kò tú dáṣíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ wò rí.

Ọ̀gá Ṣódìyá, létí títì Ìjókùn, ò bi mí léèrè ohunkóhun.
Ó ti orí bọ inú mọ́tò, ó fa imú.
"Hẹ̀n-ẹ́n."
Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, súkúdíráfà lẹ́nu,
ó fa fílítà jáde:
dúdú, onírun, bí ẹ̀yìn eku tó kú sínú gọ́tà.
Ó fi wáyà gún róbà tí omi ń gbà jáde.
Kò jáde.
Ó tún gún un.
Ilé agbọ́n ló kọ́kọ́ já bọ́, ilé amọ̀ kékeré,
lẹ́yìn náà, ewé gbòdògì, àjákù kan,
lẹ́yìn náà, omi, ife kan, ife méjì, bí omi aró.
"Agbọ̀n bàbá ẹ ló kó ewé wá,
agbọ́n ló fi dí i!"
Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ó fi wúkọ́.
Èmi di ewé náà mú.

Ó fọ̀ ọ́, ó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ,
ó gba owó rẹ̀, kò dín kọ́bọ̀,
ó wá fi ìmọ̀ràn ṣe ẹ̀ènì:
"Ohun tó bá tutù á làágùn.
Ohun tó bá làágùn, tí a sé mọ́lé, á bu.
Tó bá ku díẹ̀ kó o délé, pa ẹ́ésì,
má pa fáànù. Jẹ́ kó gbẹ nínú."
Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.
Òru ni. Tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́.
Ó jókòó, ó mí, ó tún mí,
ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
"Kò rùn mọ́," mo ní, mo ń yangàn.
"Mo rí i."
Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.
"Tẹ́lẹ̀, tí mo bá wọlé,
ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀."

Mo ń pa ẹ́ésì ní Ìjókùn báyìí.
Fáànù á máa fẹ́ ooru títí dé Àjàká,
Abọ́sẹ̀dé á máa ráhùn, kò sì ní sín.
Ewé yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù.
Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.
Kò tíì bu.