Àwo Tí Wọn Kò Gé

Ọkùnrin onílẹ́tà jù ú sẹ́nu ọ̀nà, yìnyín sì bò ó dé ìdajì.
Ìyá mi fi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n, ó fi eyín ya ọ̀rá ara rẹ̀,
ó gbé e sókè sí mi bí ẹni tó pa ẹja ńlá.
"Britt, ó dé," ló wí. "Ìdí mi dé."

Kò purọ́. Ìdí ìyá mi ló wà nínú àwo náà.

Nígbà ooru ìdúnta làwọn onífíìmù ya wọ Duluth,
wọ́n ní apá kìn-ín-ní ti pa owó, ó ku ìkejì:
ọkọ ìyàwó tí ṣòkòtò rẹ̀ já bọ́ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́sí,
ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ lọ́kọ wàyí.
Wọ́n ń wá èèyàn tí yóò jókòó bí àlejò:
àádọ́ta dọ́là lóòjọ́, oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́.
Baba mi ní òun kò lọ. Ìyá mi ra kóòtù àti ṣòkòtò fún un,
onírun àgùntàn, aláwọ̀ kọfí.
Ó lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọkàn baba mi dúró nínú gáréèjì,
ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù dé sinimá, a wò ó títí, ìgúnpá ìyá mi nìkan la rí.
Wọ́n ti gé ìyókù. Aya pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.
Ṣùgbọ́n lára páálí àwo yìí, ní lẹ́tà gàdàgbà:
OHUN TÍ SINIMÁ FI PAMỌ́, A TÚ U SÍLẸ̀ NÍLÉ YÍN.

Orpha Lindquist gbé ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì wá.
Pásítọ̀ Elroy gbé ara rẹ̀ wá, ó jókòó sídìí iná
níbi tó ti lè díbọ́n pé Bíbélì lòun ń kà.

Ẹ wo ìranù! Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó mutí yó,
ó bọ́ra sílẹ̀ goloto, ó lọ dì mọ́ ère pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi omi dídì gbẹ́,
ó lẹ̀ mọ́ ọn.
Ibi tó fi lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ọwọ́.
Arúgbó ìyàwó àti atẹdùrù wà lórí bẹ́ẹ̀dì lókè àjà,
bẹ́ẹ̀dì ń ké, àjà ń ké, arúgbó ń ké jù wọ́n lọ,
bí àlùfáà ti ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" nísàlẹ̀ báyìí,
tìbùsùn-tìbùsùn ni wọ́n já lu kéèkì.
Pásítọ̀ Elroy ṣí ojú ewé kan. Bíbélì rẹ̀ dorí kodò.

Ó wá kan ìyá mi.
Tòlótòló kan sáré wọ inú àgọ́, ó gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ, ó wọ́ ọ lọ.
Pátá olódòdó, ó gbòòrò bí aṣọ ìbùsùn,
ìdí ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú rẹ̀,
ó ń mì bí àpò ìyẹ̀fun nínú ọkọ̀ akẹ́rù.
Ilé hó. Ọ̀dùnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ há Orpha lọ́fun.

Mo wá rí i.
Ìlà kẹta, lẹ́yìn tòlótòló: kóòtù aláwọ̀ kọfí.
Wọ́n ní kí gbogbo àlejò dìde, kí wọ́n káwọ́ lérí.
Wọ́n dìde, wọ́n káwọ́ lérí.
Baba mi dìde, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ṣòkòtò,
ó ń fi tọkàntọkàn ha ìdí, ó ń wo ìyá mi,
ẹ̀rín sì ń pa á lọ,
ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò san dọ́là fún.

"Dá a padà," ni ìyá mi wí.
Mo tẹ rìmóòtù.
Ìgbà mọ́kànlá ni tòlótòló bọ́ síkẹ́ẹ̀tì ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà.
Nígbà kẹjọ, Pásítọ̀ pa Bíbélì dé, ó ní, "Verdell rè é o."
Nígbà kọkànlá, ìyá mi ní kí n dá a dúró síbẹ̀:
ọwọ́ baba mi nínú ṣòkòtò, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí.

Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ ń kùn.
"Ó sọ fún mi," ni ìyá mi wí, "pé aṣọ yẹn ń yún òun.
Mo ní ẹjọ́ ẹ ti pọ̀ jù."
Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì rẹ̀.
"Òun náà la fi sin ín."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín.
Orpha tún bu ọ̀dùnkún.