Aago Kan, Ojúmọ́ Méjì

Aago mọ́kàndínlógún ló kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Sápọ́n,
kò sí méjì tí ohùn wọn dọ́gba.
Èyí ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán ní epo,
ìyẹn ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè ládùúgbò.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti ń fi awò ojú kan
wo inú ikùn aago.
Mo rò pé mo mọ àkókò ni.

Àfìgbà tí Ìbíyẹmí, àbígbẹ̀yìn mi, wọ bàálù
lọ sí Tímárù, ní ìsàlẹ̀ ayé,
níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Wàrà màlúù ló ń bá wọn fún.
Ó ní ẹ̀rọ ló ń fún un, òun kàn ń so ó mọ́ ọmú ni,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta màlúù kí wọ́n tó jẹun àárọ̀.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, wákàtí méjìlá ló wà láàárín wa,
kò lé, kò dín.
Ọwọ́ aago tèmi àti ọwọ́ aago tirẹ̀ nàka síbì kan náà:
mẹ́fà ku ogún níhìn-ín, mẹ́fà ku ogún lọ́hùn-ún.
Níhìn-ín, ọyẹ́ ti da eruku bo orí gíláàsì mi,
agogo ṣọ́ọ̀ṣì Aké ń pe àwọn akọrin,
mo ń wá kọ́kọ́rọ́ tí màá fi ti ilẹ̀kùn.
Lọ́hùn-ún, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí látinú òkun,
Ìbíyẹmí ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà.
Aago kan wà tó ní ẹyẹ búlúù lójú:
òótọ́ méjì ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà,
n kò sì ní láti fọwọ́ kàn án.

Ìkíni ló ń dà mí láàmú.
Ó kúnlẹ̀ nínú fóònù, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, bàámi,"
nígbà tí iná ìrọ̀lẹ́ ti ń tàn lẹ́yìn mi.
Àárọ̀ ta ni?
Ta ló yẹ kó fi ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ wá sínú ti ẹnìkejì?
Àgbà ló máa ń sọ fọ́mọdé pé, "Mo ti rí oòrùn ṣáájú rẹ."
N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.
Mo ṣì wà ní Jímọ̀, ọmọ mi ti wọ Sátidé.
Mo bi í bí Sátidé ṣe rí.
Ó rẹ́rìn-ín: "Òjò díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ mú agbòjò dání."

Ó ní tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́,
wọ́n ti ká ìlú nílẹ̀ bí ẹní,
bẹ́ẹ̀ oòrùn kò ní í wọ̀ títí di mẹ́sàn-án ààbọ̀.
Inú ìmọ́lẹ̀ ló ti ń jẹun alẹ́.
Ìyẹ̀fun ànàmọ́ ló ń rò, láfún ló ń pè é.
Mo dákẹ́. N kò fẹ́ ba oúnjẹ ọmọ jẹ́.

Nígbà tó di oṣù Ìgbé, ìjọba wọn pàṣẹ
kí aago mẹ́ta òru padà di méjì,
kí wọ́n lo wákàtí kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí omi ìfọṣọ.
Èmi tí mo ti ń bẹ aago láti ìgbà èwe mi
pé kó jọ̀ọ́, kó má fà sẹ́yìn!
Mọ́kànlá ló wá kù láàárín wa.
Mo sọ aago ẹlẹ́yẹ kalẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀,
kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo dé e padà.

Lánàá, ó pè. Fóònù ń já.
Mo gbọ́ "Ẹ kú…", mo sì gbọ́ "…àár…"
N kò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni àbí àárò.
Ẹyọ àmì kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ ló là wọ́n,
kò tó ìṣó tí mo fi ń de ẹ̀yìn aago ọwọ́ obìnrin.
Mo dáhùn méjèèjì.
Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn, màlúù kan ké.