Nígbà tí Òòlù Bá Balẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù kẹwàá,
òjò winniwinni ń sẹ̀ sórí òkè Cumbria.
Bàbá mi kó igba àgùntàn ó dín mẹ́ta
wọ ọgbà gbàǹjo.
Ó ń kà wọ́n bí bàbá tirẹ̀ ti kọ́ ọ,
yan, tan, tethera,
èdè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ mọ́
àfi ẹni tó bá ń ka àgùntàn.
Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyẹn yà mí lẹ́nu.

Ọ̀gbẹ́ni Birkett onígbàǹjo gun orí àpótí.
Ẹnu rẹ̀ ń sáré bí omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta.
Ẹnìkan ṣẹ́jú, ẹnìkan fọwọ́ kan fìlà,
owó ń gòkè,
òòlù balẹ̀, kò!
"Sóòdù!"

Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo ní
mi ò ní lè kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran láéláé.
Mísìsì Thwaite na ìka sí mi:
"Thirza, má ta ara rẹ lọ́pọ̀."
Mo bi í pé èló ni mo tó.
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Lónìí, ní ilé ìtajà ńlá kan ní Penrith,
mò ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ìgò mílíìkì:
ẹ tà á kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá.
Mílíìkì kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ọmọkùnrin kan wá láti ilé ìfowópamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
bàtà rẹ̀ funfun, ó ń yẹra fún ẹrẹ̀.
Ó ní ká gbin igi sórí òkè,
owó á máa wọlé, a ò ní jí lóru mọ́
tìtorí àgùntàn tó fẹ́ bímọ.
Àbúrò mi gbà lójú ẹsẹ̀.
Ní èdè wa, a máa ń ní wọ́n ti ta irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún èrò náà,
àfi bí ẹni pé èrò ló ni owó lọ́wọ́.
Ìyá mi ń bó ànàmọ́.
"Ẹ ò tíì tà mí o," ló wí, kò gbójú sókè.
Bàbá mi jáde lọ wo àgbò tó yarọ.

Nígbà tó yá, ó fọwọ́ sí ìwé.
Joss Relph, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún,
sọ ọ́ nílé ọtí, kò rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ó ti tà wá."
Torí orí òkè kan náà ni gbogbo wa ń dà sí;
bí agbo kan bá kúrò, ìyókù á ṣáko.
Kò sí kọ́bọ̀ tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀,
síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ta bàbá mi bí agbọ́n.
Láti ìgbà náà, wọn kì í kíra.

Ó wá ku àwọn ìyá àgbà inú agbo, ogójì,
àwọn tó mọ ọ̀nà òkè ju ènìyàn lọ.
Eyín wọn ti ń yọ. Gbogbo ọgbà dákẹ́.
Birkett sọ owó kalẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí i,
ojú ń ti òun náà.
Ìka kan dìde lẹ́yìn òpó.
Joss.
Òòlù balẹ̀.

Àṣà wa ni pé kí ẹni tó tajà
dá díẹ̀ padà fún ẹni tó rà á, owó oríire.
Bàbá mi tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́,
ó fi ogún pọ́n-ùn sọ́wọ́ Joss.
Joss ká a, ó kì í bọ àpò.
Wọ́n dúró nínú òjò díẹ̀,
wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àgùntàn.

Nílé, ìyá mi béèrè:
"Ṣé ọjà tà?"
Bàbá mi ń bọ́ bàtà.
"Joss ló rà wọ́n," ló wí.
Kì í ṣe ohun tí ìyá mi béèrè nìyẹn,
ṣùgbọ́n ó gbé omi tíì kaná.