Òkè Ẹ̀yìnkùlé

Ọdún mẹ́rin ni aṣọ náà fi wà nínú àpótí
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára,
níbi tí ìyá mi fi í sí lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ kọ̀ fún un.
Òkè ló fi òwú yà sí i.
Kì í ṣe Olósùnta tí àlejò ń wá yà ní fọ́tò o;
òkè kékeré ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkéré ni,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ,
tí a kàn ń pè ní “ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí”.
Ó ti parí òkúta. Ó ti parí páànù ilé Ìyá Àríyíbí.
Ojú ọ̀run ló kù, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó ti dípẹtà,
ó sì fi àmì kan sílẹ̀ bí ẹyọ ìrẹsì.
Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á,
mo sá a sóòrùn,
mo tún un pa.
Àmì náà ń wò mí.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, má fún un, má lọ́ ọ,
bí ẹni ń wẹ ìkókó.
Mo tẹ́ táwẹ́lì, mo dojú iṣẹ́ náà délẹ̀,
mo rọra gbé áyọ́ọ̀nù lé e lẹ́yìn
kí òwú má baà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí mọ́tò gùn.
Ẹ̀yìn yẹn ni mo ti rí i:
láàárín òwú koríko àti òwú òkúta,
irun funfun kan, ó gùn tó ìka,
abẹ́rẹ́ ti rán an mọ́ ọn láìmọ̀.
Tàbí ó mọ̀. Ta ni n ó bi?
Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí àwọn Sísítà Àgùdà nà
nítorí kókó ẹ̀yìn iṣẹ́,
tó dàgbà tán tó ń sọ fún wa pé,
“Bó o bá fẹ́ mọ ẹni tó rán aṣọ, yí i padà.”

N kò fà á yọ.

Fágbùyì káfíńtà wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
“Uṣẹ́ nìyí o!”
Ìyá mi náà kò pè é ní iṣẹ́ rí láyé.
Ó ní ká gé ojú ọ̀run tó ṣófo dànù,
kí fírémù lè mú òkè náà dáadáa.
Mo ní rárá.
Ó ní kí àbúrò òun bá mi rán an parí nígbà náà.
Mo tún ní rárá.
Ó wò mí bí ẹni tó ra bàtà ẹsẹ̀ kan.

Síbẹ̀ ó rẹ́ igi ọmọ̀, ó fi sáńpépà ha á.
Mo na aṣọ náà lórí páálí,
mo fi òwú líle fà á lẹ́yìn láti etí dé etí
bí okùn bàtà ọmọ ilé-ìwé,
mo fà á, mo dẹ̀ ẹ́, mo tún fà á
títí òkè fi nàró.
Fágbùyì fi pákó tín-ín-rín há àárín.
“Dígí ò gbọdọ̀ fẹnu ko òwú.
Òógùn dígí ló ń jẹ aṣọ.”
Ó ń kan ìṣó wẹ́wẹ́, ó fi ètè di ìyókù mú.
Nígbà tí mo sanwó, ó dá ìdajì padà.
“Ìyá yín ló kóṣẹ́ sọ́rùn ẹ̀wù tí mo fi gbéyàwó.
Mo yí i padà wò nígbà kan.”
Kò sọ ohun tó rí.

Ògiri alámọ̀ ni ògiri wa.
Ìṣó kìíní hú jáde, èkejì tẹ̀, ẹ̀kẹta ló gbà.
Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò dé.
Mo fi omi inú ìgò wò ó bóyá ó gún.
Ó gún régé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wọ́.
Tírélà ló kọjá lóru;
láti oṣù Èrèlé ni wọ́n ti ń fọ́ òkè náà kó lọ.
Mo fi ìka kan tì í padà sípò,
òkúta, páànù, ojú ọ̀run àti àmì ìpẹtà rẹ̀.
Òmíràn ń bọ̀. Àwọn abọ́ ti ń sọ ọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fírémù mú.