Ó Ní Òun Ń Bọ̀

Ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta Ẹ̀kọ́,
ó fi ìbọ̀wọ́ funfun bọwọ́ bíi dókítà,
ó tú aṣọ mẹ́ta kí aago tó yọjú.
"Rọra o. Ọrùn ọwọ́ Olóyè Ṣódẹindé lèyí ti wá.
Má tún un ṣe. Bó ṣe kú yẹn ló ṣe níye lórí.
Ṣáà ṣí i, kí o jẹ́rìí pé ojúlówó ni.
Àwọn tó fẹ́ rà á ti dé mílíọ̀nù méjìlá."

Mo mọ Olóyè.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló pè wá sí pápá Kútọ̀,
aago méjì ọ̀sán ló dé.
Ìyá mi pọn àbúrò mi nínú oòrùn
títí ọmọ fi sùn, tó jí, tó tún sùn.
Nígbà tó nawọ́ sókè kí wa,
wúrà ọwọ́ rẹ̀ kọ mànà,
a sì pàtẹ́wọ́.

Mo fi awò sójú, mo yí ìdérí ẹ̀yìn.
Lóde, orúkọ Olóyè, wọ́n fín in gàdàgbà.
Nínú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé,
àwa aláago a máa fi abẹ́rẹ́ ha àmì,
kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa mọ̀ pé ẹnìkan ti débẹ̀.
Mo rí i. Kò tó ẹsẹ̀ èèrà:
J. A. Ṣ., Láfẹ́ńwá, '81.

Bàbá mi.
Ẹni tó ń fi fèrè rélùwéè yí aago;
bí rélùwéè bá pẹ́, gbogbo ilé wa ló pẹ́.

Mo fa dúrọ́ọ̀, mo mú ìwé gbèsè rẹ̀ jáde:
Olóyè. Sípíríǹgì tuntun. Náírà méje, àádọ́ta kọ́bọ̀.
Ó ní òun ń bọ̀.
Ó ní òun ń bọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá kọ ọ́, yíǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Irin a máa dógùn-ún.
Gbèsè kì í dógùn-ún.

Ojú ọkùnrin náà tàn. "Ìwé yìí gan-an ń kọ́?
Èló lo máa tà á?"
Mo ní, "N ò ta ìwé.
Náírà méje, àádọ́ta kọ́bọ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ẹgbẹ̀rún náírà yọ.
Mi ò ní ṣéńjì.
Ó tú àpò ṣòkòtò, ó tú ti ẹ̀wù.

Ó ní òun lọ ṣẹ́ ẹ níwájú ibẹ̀ yẹn,
òun ń bọ̀.

Mo wá bírò.